Ẹ Má Tíì Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Yẹn

Bí òórùn igbó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní yàrá ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún nínú ẹgbẹ́ wa yìí ní London, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí: "Màá dá a padà sílé ni." Wọ́n á ní ọlidé ni wọ́n ń lọ. Bí wọ́n bá ti balẹ̀ ní Ìkẹjà, wọ́n á gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n á fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń lé wọn: ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà wọ́n, ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà wọ́n, wọ́n tún ń ro ohun tí a máa sọ lóde àríyá. N kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ilé tí à ń rán ọmọ lọ yìí, ilé tí a fi sílẹ̀ lọ́dún 1985 ló wà lọ́kàn wa.

Ìwádìí tí iléeṣẹ́ ìṣirò Nàìjíríà àti UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró, ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, 14 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù, ìhà tiwa, ló ṣáájú: 22. Ọ̀yọ́ jẹ́ 23. Èkó jẹ́ 33! Ní England àti Wales, nǹkan bí 9 ni ìjọba ń kà nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń kà á yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Nàìjíríà.

Ọmọ tí a torí igbó mú kúrò ní London máa bá tramadol nílé, níbi tí àwọn kẹ́mísìtì kan kì í ti í bèèrè ìwé dókítà. Ó máa bá kóló, ìyẹn igbó àtọwọ́dá. Ó máa bá omi gọ́tà, tí wọ́n ń po kodín, tramadol àti igbó pọ̀ sí. Lóṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkodín àti kíkó o wọlé, lẹ́yìn tí BBC tú àṣírí àwọn tó ń tà á; ọjà náà kò torí ẹ̀ kú. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ará Peckham, tí pọ́n-ùn sì ń wọlé fún, kì í wá ọ̀rẹ́ tì.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba Arò, ọsibítù àrùn ọpọlọ tí a ń fi orúkọ rẹ̀ bú ara wa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, l'Ábẹ́òkúta, lọ́dún 1954, àwọn tí ọpọlọ wọn ò pé ló ń tọ́jú. Kò tì wọ́n mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, ó sì ní dandan ni kí ẹbí kan bá aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lónìí, Arò ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún náà. Lambo ní kí ẹbí tẹ̀ lé aláìsàn. Àwa ń já ọmọ sílẹ̀ ní Èkó, a sì ń sáré padà wá ṣiṣẹ́ alẹ́. (Mo mọ̀, ta ló máa san owó ilé?)

Níbí ní London, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú fún ọmọ tó ń lo oògùn olóró. Káńsù àdúgbò ló ń sanwó rẹ̀, ọmọ lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ láìgba lẹ́tà dókítà, wọn kì í sì í sáré pe ọlọ́pàá nítorí pé ó jẹ́wọ́ igbó. Bí ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀ bá ti parí, Ìyá Nọ́ọ̀sì máa jókòó ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó kan ìlẹ̀kùn. A ò ní kọ orúkọ sílẹ̀, ìyàwó alága pàápàá ò ní mọ ẹni tó wọlé.