Àtẹ̀gùn Tóóró Nínú Ilé Kékeré ní Douala

ÒJÒ Douala kì í ṣe òjò kékeré. Omi tó ń rọ̀ sórí ìlú náà lọ́dún kan lé ní 3,500 mílímítà, ìyẹn sì ju ìlọ́po méjì èyí tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn lọ. Oṣù July àti August ló máa ń le jù. Etí odò Wouri ni ìlú yìí wà, níbi tí odò náà ti ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ bá òkun, ilẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an. Nígbà tí àgbàrá ya wọ ọ̀pọ̀ àdúgbò níbẹ̀ lóṣù August ọdún 2020, ṣe ni títì di odò, omi sì wọlé tọ àwọn èèyàn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, òkè ni kálukú máa ń wò. Ibo la máa gbé àpò ìrẹsì sí? Ibo la máa kó ìwé àwọn ọmọ sí? Ibo làwọn ọmọ fúnra wọn máa sùn?

Omi nìkan kọ́ ló ń léni lọ sókè. Àwọn tó ń gbé Douala lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Èbúté ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹrù Kamẹrúùnù, Chad àti Central African Republic ń gbà kọjá, torí náà kò sọ́jọ́ tí èrò kì í wọ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé nínú ilé onípákó tí wọ́n ń pè ní carabote, àwọn míì sì wà nínú yàrá bíríkì kan tàbí méjì. Bí ilẹ̀ kò bá ti fẹ̀, àfi kéèyàn lo àyè tó wà láàárín orí ẹni àti páánù. Nínú ìpolówó àwọn ìsọ̀ tí wọ́n ń háyà ní Akwa, tó jẹ́ àárín ìlú, ọ̀rọ̀ náà mezzanine kì í ṣọ̀wọ́n. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n ti tẹ́ ilẹ̀ kejì sínú ìsọ̀ náà, ọjà á wà lókè, oníbàárà á wà nísàlẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kò ní ṣàìmọ nǹkan yìí. Àjà ni. Orí àjà làwọn baba ńlá máa ń kó àgbàdo àti ẹrù ilé sí, àkàsọ̀ ni wọ́n sì fi ń gùn ún. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àgbàdo kì í sọ̀ kalẹ̀ láàárín òru láti lọ tọ̀. Tí àjà bá ti di yàrá tí èèyàn ń sùn, àkàsọ̀ kò tó mọ́, àtẹ̀gùn la nílò. Àtẹ̀gùn sì rèé, ó máa ń gba àyè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le nìyẹn.

Ìdí Tí Ilẹ̀ Fi Wọ́n

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ilé fi há ní àdúgbò bíi New Bell gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní July 1884, àwọn ọba Duala tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará Jámánì, wọ́n sì fi í sínú àdéhùn náà pé ilẹ̀ àwọn kò ní kúrò lọ́wọ́ àwọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 1910, ìjọba Jámánì ní kí wọ́n kó kúrò létí odò ní apá ibi tó ń jẹ́ Bonanjo lónìí, kí àwọn òyìnbó lè dá gbé ibẹ̀. Rudolf Duala Manga Bell, ọba tó ti kàwé ní Jámánì fúnra rẹ̀, kò gbé idà. Ìwé ló kọ, ó gbé ẹ̀sùn náà dé iwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Berlin. Wọ́n ní ó ń ditẹ̀, wọ́n sì yẹgi fún un ní August 8, 1914.

Ibi tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ kó lọ ni wọ́n ń pè ní New Bell. Nígbà tó yá, ibẹ̀ di àdúgbò àlejò: àwọn tó ti àárín gbùngbùn Kamẹrúùnù wá, àwọn Hausa, àtàwọn ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó bá dé máa ń wá ibi tí ará ilé rẹ̀ wà. Ilẹ̀ kò gùn sí i, èrò ló ń pọ̀ sí i. Ẹ wá lè rí i pé kì í ṣe pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kàn fẹ́ràn ilé tóóró.

Yàrá Kan, Àtẹ̀gùn Méjì

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká sọ pé yàrá kan fẹ̀ ní mítà 3, ó sì gùn ní mítà 4. Láti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dé ilẹ̀ òkè jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 252. Tí káfíńtà bá ṣe àtẹ̀gùn tó tuni lára, ẹsẹ̀ máa gbé sókè ní sẹ̀ǹtímítà 18 nígbà kọ̀ọ̀kan, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ sì máa jẹ́ 27. Ìwọ̀n yẹn kì í ṣe àfọwọ́rọ́tì. François Blondel, ayàwòrán ilé ará Faransé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún 1675 pé kí á ka gíga náà lẹ́ẹ̀mejì, ká fi ibi tá à ń tẹ̀ kún un, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ bí ìṣísẹ̀ ènìyàn kan. Lónìí, sẹ̀ǹtímítà 60 sí 64 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ti wa yìí jẹ́ 63, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ìgbà mẹ́rìnlá lẹsẹ̀ máa gbé sókè kó tó dé òkè, àtẹ̀gùn náà á sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 351. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tó jẹ́ mítà 3 kò lè gbà á. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ mítà 4, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, ó ti gba ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin yàrá náà. Irú òwò wo nìyẹn? Ẹ ṣe àjà kẹ́ ẹ lè ráyè sí i, àtẹ̀gùn sì jẹ àyè náà tán.

Ọgbọ́n tí àwọn káfíńtà wá ń dá ni pé kí àtẹ̀gùn nàró. Oríṣi kan rèé tí àwọn Faransé ń pè ní àtẹ̀gùn ọlọ́lọ, torí pé irú rẹ̀ ló máa ń wà nínú ilé ìlọkà wọn àtijọ́. Igi méjì ló gbé e dání, pákó pẹlẹbẹ sì wà láàárín wọn. Kò sí pákó tó dí iwájú ẹsẹ̀, torí náà ọmọ ìka ẹsẹ̀ á ráyè wọ abẹ́ pákó tó wà lókè rẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ibi kékeré gba ẹsẹ̀ ńlá.

Oríṣi kejì ló gba àròjinlẹ̀ jù. Tá a bá wo bí èèyàn ṣe ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń tẹ pákó kọ̀ọ̀kan. Ìdajì pákó náà ń ṣòfò. Torí náà, wọ́n á gé ìdajì yẹn kúrò, ti apá ọ̀tún lórí pákó kan, ti apá òsì lórí èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ní pákó tirẹ̀, ẹsẹ̀ òsì náà ní tirẹ̀. Pas japonais ni wọ́n ń pè é ní Faransé, orúkọ kan náà tí wọ́n fi ń pe àwọn òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń tò sínú ọgbà fún ẹsẹ̀ láti tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn ará Japan fúnra wọn mọ̀ dáadáa ni àpótí tí wọ́n tò lérí ara wọn bí àtẹ̀gùn, tí aṣọ àti abọ́ wà nínú rẹ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe èrò burúkú fún ilé tí kò ní kọ́bọ́ọ̀dù.

Nínú yàrá tá à ń sọ yìí, tí ẹsẹ̀ bá ń gbé sókè ní 21, tó sì ń sún síwájú ní 14, ìgbà méjìlá ló máa gbé, àtẹ̀gùn náà á sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 154 péré. Tó bá fẹ̀ ní 60, kò gbà tó mítà kan níbùú lóròó. Ó ti dá ohun tó lé ní mítà méjì níbùú lóròó padà fún yín, ibẹ̀ sì tó gbé bẹ́ẹ̀dì kékeré kan. Àmọ́ ó ti nàró dé dígírì 56. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àtẹ̀gùn inú ilé kò gbọ́dọ̀ kọjá dígírì 42. Ìlànà ìkọ́lé wọn fàyè gba àtẹ̀gùn onídajì pákó tí wọ́n bá sọ òkè àjà di yàrá, kìkì bí àyè kò bá gba èyí tó tẹ́jú, tó bá sì jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ló ń lọ. Kí àwọn ará wa tó ń tún òkè àjà ṣe ní London tètè mọ̀.

Ọ̀rọ̀ igi náà ṣe pàtàkì. Ilẹ̀ igi ni Kamẹrúùnù, Douala sì ni ọ̀pọ̀ gẹdú ń gbà lọ sókè òkun. Ẹnu máa ń ya ọmọ Yorùbá láti gbọ́ tí wọ́n ń pe ìrókò ní ìrókò níbẹ̀, torí orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́ náà ni gbogbo ayé ń lò. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń pè ní bilinga, arẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ayous. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi arẹ̀rẹ̀ ṣe ibi tẹ́ ẹ máa tẹ̀. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dáa fún àjà, àmọ́ ó rọ̀ jù fún ẹsẹ̀. Ìrókò tàbí ọ̀pẹ̀pẹ̀ ló yẹ. Kí káfíńtà gbẹ́ igi méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí pákó wọlé sínú rẹ̀, kó tó wá fi súkúrù dè é. Pákó tí wọ́n kàn fi ìṣó kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi á tú lọ́jọ́ kan, ẹ ò sì mọ ẹni tó máa wà lórí rẹ̀.

Ta Ló Máa Gùn Ún?

Thomas Jefferson, ààrẹ Amẹ́ríkà kẹta, gbà pé àtẹ̀gùn gbàgẹ̀rẹ̀ ń fi àyè ṣòfò. Nínú ilé ńlá rẹ̀ ní Monticello, àtẹ̀gùn tó nàró, tí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 61, ló ṣe. Yàrá tirẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, àwọn ọmọ-ọmọ àtàwọn ẹrú ló ń forí tì í gun àtẹ̀gùn náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì parí láyé. Lọ́pọ̀ ìgbà, bàbá ilé ló ń bá káfíńtà dúnàá dúrà, ìyàwó tó gbé abẹ́rẹ́ aṣọ fífọ̀ dání, tó tún pọn ọmọ, ló sì máa gùn ún nígbà mẹ́wàá lóòjọ́.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí aláboyún bá wà nílé, tàbí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ́gẹ́, tàbí màmá tí orúnkún ń dùn, àtẹ̀gùn onídígírì 56 kì í ṣe tiwọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 684,000 èèyàn ni ìṣubú ń pa kárí ayé lọ́dún kan, àwọn tó lé ní 60 ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Òótọ́ ni pé kì í ṣe orí àtẹ̀gùn ni gbogbo wọn ti ṣubú, síbẹ̀ iye náà tó kó ìrònú báni.

Gígùn rẹ̀ kọ́ ni wàhálà, sísọ̀ ni. Ẹni tó bá gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Àtẹ̀gùn ọlọ́lọ tó nàró, ẹ̀yìn la fi ń sọ̀ ọ́, ká kọjú sí pákó bí ẹni wà lórí àkàsọ̀. Ti onídajì pákó ṣeé fojú síwájú sọ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ tó yẹ lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé. Tẹ́ ẹ bá ṣì í, ẹsẹ̀ kejì kò ní bá pákó. Ara gbogbo ẹni tó ń gbé ilé náà máa mọ́ ọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àlejò ni kò ní mọ̀. Kí irin tí ọwọ́ máa dì mú wà lápá méjèèjì, kí iná wà níbẹ̀ lóru, kí ọgbà yí ihò tó wà lókè ká, kí géètì kékeré sì wà fún àwọn ọmọdé. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò gbígbóná gùn ún. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti kàn tán kò lè gbabẹ̀ kọjá, fóòmù lẹ máa ká, ẹ ó sì kan igi bẹ́ẹ̀dì lókè. Ní Amsterdam, níbi tí àtẹ̀gùn tó nàró ti wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, ìkọ́ irin wà ní góńgó iwájú ilé tí wọ́n ń so okùn mọ́, ojú fèrèsé ni àga àti bẹ́ẹ̀dì ń gbà wọlé.

Ohun tó yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù jù lọ ni iná. Nínú ilé tó há, abẹ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n sábà máa ń rí bí ibi tó yẹ kí sítóòfù tàbí gáàsì wà, torí pé àyè ṣófo níbẹ̀. Èéfín sì rèé, òkè ló ń lọ, ihò àtẹ̀gùn náà ló sì máa gbà. Tó bá ṣẹlẹ̀ lóru nínú ilé onípákó, ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn tó wà lókè lè gbà sá ni iná wà. Kí gáàsì wà níta, tàbí ní ìpẹ̀kun kejì, kí fèrèsé òkè sì fẹ̀ tó ohun tí àgbàlagbà lè gbà jáde. Tí irin bá wà lójú fèrèsé náà nítorí olè, kó jẹ́ èyí tó ṣeé ṣí látinú.

Ìlú Douala kan náà ní àtẹ̀gùn tí kì í há ẹnikẹ́ni mọ́. Ní Ndogpassi, níbi tí àwọn èèyàn ti ń pọnmi nínú ìsun kan, Philip Aguirre y Otegui, oníṣẹ́ ọnà ará Belgium, ṣe àtẹ̀gùn gbàgẹ̀rẹ̀ yí ìsun náà ká. Ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i. Èèyàn lè gbé kẹ́ẹ̀gì omi gùn ún láìsáré, ó sì lè jókòó sórí rẹ̀ sinmi. Ilẹ̀ gbogbo ìlú ni ìyẹn wà. Nínú yàrá mítà 3 sí 4, kò sẹ́ni tó lè ṣe é.

Fún ìdílé tó bá ṣì ń ronú nípa ọ̀rọ̀ náà, ọ̀nà kan wà tí kò ní kọ́bọ́ nínú. Kí wọ́n tó sanwó igi, kí wọ́n yá àkàsọ̀ tó lágbára, kí wọ́n gbé e sí igun tí àtẹ̀gùn máa wà, kó dà bí káfíńtà ṣe sọ pé ó máa nàró tó, kí ẹnì kan sì di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Kí àwọn tó máa sùn lókè wá gùn ún, kí wọ́n sì sọ̀ ọ́, lọ́sàn-án àti lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá á fi ṣeré. Tí Màmá bá wò ó lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì ní kẹ́ ẹ bá àwọn tẹ́ fóòmù sí palọ̀, ìsàlẹ̀ ni yàrá tiwọn.