Ilẹ̀ Kòkó, Ilẹ̀ Gọ́ọ̀fù

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Akúrẹ́ lọ sí ìlú Oǹdó yóò kọjá ní Ọ̀wẹnà, yóò kọjá ní Bọ́lọ́rundúró, oko kòkó yóò sì máa yọjú sí i ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí ó bá jẹ́ àsìkò ìkórè, imú rẹ̀ yóò ti mọ ibi tí ó ń lọ kí ojú rẹ̀ tó rí i. Mo ti gba ọ̀nà yìí láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n n kò gbé irú ẹrù ọjọ́ náà rí: koríko oníke, tí a ká bí ẹní, tí ó gùn débi pé bọ́ọ̀tù ọkọ̀ kò ṣeé pa dé. Awakọ̀ bi mí bóyá ibi ìgbéyàwó ni a ń gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń gbé e lọ fún. Iṣẹ́ ìjọba ni Bàbá ṣe ní Akúrẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ẹnu iṣẹ́ náà ni ó sì ti kọ́ gọ́ọ̀fù. Nígbà tí ara ṣì le, Ìlárá-Mọ̀kín ni ó máa ń lọ, ìlú tí kò jìnnà sí Akúrẹ́, níbi tí Olóyè Michael Adé Òjó, ọmọ ìlú náà tí ó dá Elizade sílẹ̀, kọ́ pápá gọ́ọ̀fù Smokin Hills oníhò 18 sí. Lẹ́yìn tí Bàbá padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Oǹdó, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní apá òsì. Dókítà ní kí ó máa rìn lójoojúmọ́. Bàbá kọ̀. Ó ní, “Ṣé kí n máa yí ilé po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni?” Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ dábàá pé kí a ṣe ibi ìtìbọ́ọ̀lù sínú ihò sí ẹ̀yìnkùlé ni ó tó gbé orí sókè.

Kì í ṣe gbogbo gọ́ọ̀fù ni à ń wí. Ìparí rẹ̀ ni: ibi tí a kì í lu bọ́ọ̀lù sókè mọ́, tí a kàn ń fi ọ̀pá rọra tì í kí ó yí lọ sínú ihò. Láyé àwọn Òyìnbó amúnisìn, ọ̀pọ̀ pápá gọ́ọ̀fù ní Nàìjíríà kò ní koríko ní ibi ihò; iyanrìn tí a fi epo pò ni wọ́n ń tẹ́ síbẹ̀. Ní ti koríko oníke, ọdún 1966 ni ó di gbajúmọ̀, nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sí pápá ìṣeré Astrodome ní Houston, ní Amẹ́ríkà, nítorí pé koríko gidi ń kú lábẹ́ òrùlé ibẹ̀.

Òrùlé kọ́ ni ìṣòro tiwa ní Oǹdó. Ẹ̀yìnkùlé náà ní ilẹ̀ sìmẹ́ńtì kan tí bàbá àgbà dà láti máa fi sá kòkó. Bí kòkó bá ti wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o wá, tí àwọn ọmọdé yóò máa fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ kiri kí oòrùn lè kàn án dáadáa. Bàbá àti bàbá tèmi wà lára àwọn ọmọ náà. Ìyá, ìyàwó Bàbá, kò bá wa jà. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó wí fún ọkọ rẹ̀ pé, “Kòkó tí a sá síbí ni ó rán yín níwèé.” Kò sí ẹni tí ó fèsì.

Àṣìṣe àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ni ó ti wá. Koríko tí ó pọ̀ lọ́jà ní Akúrẹ́, ti gbọ̀ngàn ayẹyẹ àti ti pálọ̀ ni. Irun èyí tí mo rà gùn tó mìlímítà 35. Bàbá ti bọ́ọ̀lù kan, bọ́ọ̀lù náà wọ inú rẹ̀, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Ti gọ́ọ̀fù gbọ́dọ̀ kúrú, bíi mìlímítà 10 sí 15, kí irun rẹ̀ sì ki. Mo padà sí Akúrẹ́. (Èyí tí ó gùn ti di ti pálọ̀ mi, ẹ má bi mí léèrè.)

Lórí ilẹ̀ lásán, èèyàn ní láti gbẹ́ ilẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, kí ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí ó gún un, kí ó sì mú un dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn lọ. Bàbá àgbà ti ṣe iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún wa: ó ti mú ilẹ̀ náà dagẹ̀rẹ̀ sí apá kan, nítorí omi tí ó bá dúró yóò ba kòkó jẹ́. Ohun kan ni kò bá wa lára mu. Ibi tí oòrùn ti mú jù ni ó yàn fún kòkó, koríko oníke a sì máa gbóná nínú oòrùn ju ilẹ̀ lọ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni Bàbá yóò lè lò ó.

Ó wá ku ihò. Mìlímítà 108 ni ihò gọ́ọ̀fù ń fẹ̀, ó sì ń jìn ju 100 lọ. Ìyẹn ni pé a ní láti fọ́ sìmẹ́ńtì bàbá àgbà. Bíríkìlà gbé òòlù sókè, Bàbá ní kí ó dúró. Ó wo ilẹ̀ náà pẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn, n kò sì ní bínú bí ó bá parí. Ìyá ni ó jáde wá. Ó rìn dé igun kan tí sìmẹ́ńtì ti là tipẹ́tipẹ́, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kàn án.

“Ibí ni kí ẹ ti lù ú. Ó ti fọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì tí ó wà lápá ilé ìdáná, ẹ ò gbọdọ̀ bò ó.”

A tẹ́ ìdajì tó kù. A rí i dájú pé irun abala méjèèjì dojú kọ ọ̀nà kan náà, kí bọ́ọ̀lù má baà yà ní ojú ìsopọ̀, a sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá bọ́ bàtà. Kò tíì mú ọ̀pá. Ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wọ́ orí koríko náà kiri, díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ń tọ ti ọ̀tún lẹ́yìn, bí ẹni ń yí kòkó. N kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó béèrè ọ̀pá. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ bá ògiri. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin wọ ihò. Ìyá, tí ó ń kó ata tí ó sá sí apá tirẹ̀, béèrè ohun tí ó dún.

“Bọ́ọ̀lù ni.”

Mo fẹ́ lọ mú un wá, Bàbá ní kí n jókòó. Ó rìn lọ yọ ọ́ fúnra rẹ̀.