Lẹ́yìn tí wọ́n bá sín gbẹ́rẹ́ tán, bíléèdì yẹn ńkọ́?

Ẹ̀yin temi, ẹ fa àga, thread yìí máa gùn díẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún ẹ, wọ́n fi oògùn ra ojú ẹ̀, o wọ aṣọ, o gba ilé lọ. Bíléèdì tí wọ́n lò ńkọ́? Òwú tí wọ́n fi nu ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Níbo ni wọ́n gbà lọ?

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi: mi ò wá sọ pé ká pa ìṣègùn ìbílẹ̀ tì o. Àgbo ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, mo sì ń mu ún títí di òní. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, agbẹ̀bí ni, ó sì ń wo àwọn ọmọdé. Ilé wọn kò jìnnà sí ọjà Ìkòtún. Ọwọ́ wọn ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ èèyàn sí ládùúgbò wa, ó ṣeé ṣe kí ìwọ tó ò ń ka èyí wà lára wọn. Torí náà, ọ̀rọ̀ ilé wa ni mo ń sọ.

Nígbà tí ìyá mi wà lọ́mọdé, abẹ kan ló ń yí gbogbo agboolé ká. Bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́fà, abẹ kan náà ni. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ éèdì dé, tí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ń pariwo ẹ̀ lójoojúmọ́, ni nǹkan yí padà. Lónìí, tó o bá fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ Màmá Àgbà, wọ́n á ní kó o mú bíléèdì tìẹ wá, tuntun, nínú bébà ẹ̀. Tó ò bá mú un wá, wọ́n á ní kó o lọ rà á lọ́dọ̀ màmá tó ń ta provision lẹ́bàá títì. Ó dáa gan-an, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Bíléèdì kan fún èèyàn mẹ́jọ ti di bíléèdì mẹ́jọ. Gbogbo ìpolongo tí wọ́n ṣe fún wa dúró síbi awọ ara: má lo èyí tí ẹlòmíì ti lò. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tó yẹ kó lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ewu yẹn kúrò lára wa lóòótọ́, ó kàn wọnú nylon dúdú lọ ni.

Ẹ jẹ́ n tú nylon dúdú náà fún yín. Ewé àgbo tí wọ́n ti sè gbẹ wà níbẹ̀. Èèpo igi. Èèpo ọsàn wẹ́wẹ́. Láàárín wọn, bíléèdì mẹ́ta mẹ́rin, òwú tó ti gbẹ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ aláboyún. WHO sọ pé nínú gbogbo pàǹtí tó ń jáde níbi ìtọ́jú ìlera, bí ìdá 85 nínú 100 kò léwu ju pàǹtí ilé yín lọ. Ìdá 15 tó kù ni ìṣòro. Ewé àgbo kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó o bá da bíléèdì sáàárín ewé, gbogbo àpò yẹn ti di ewu nìyẹn, torí ẹni tó máa gbé e kò ní rí i.

Ta ló sì ń gbé e? Tí ọkọ̀ pàǹtí bá ti lọ, olómọlanke ni. Láti ibẹ̀, ó lè dé Solous ní Ìgàndò, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi ọwọ́ tú ìdọ̀tí láti ṣa ike àti irin. Ọwọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò, ọmọkùnrin kan tó máa ń ti ọmọlanke ládùúgbò wa fi ọwọ́ tẹ nylon kan mọ́lẹ̀ kó lè rí àyè fún òmíràn. Bíléèdì là á ní àtẹ́lẹwọ́. Kò tiẹ̀ pariwo. Ó bu pure water sí i, ó ya aṣọ kan di í, ó sì di ọmọlanke ẹ̀ mú padà. Mo wà níwájú ilé, mò ń to iná fún fídíò kan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró." Ó ní, "Anti, ba komai," pé kò sí nǹkan kan.

Nǹkan wà. Kòkòrò hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ yẹn, lè wà láàyè níta ara èèyàn fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ, tó o rò pé ó ti kú, kò tíì kú. Ti HIV yàtọ̀, òun kì í pẹ́ kú níta. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n lo bíléèdì yẹn, bóyá àárọ̀ ọjọ́ náà ni. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP, tí wọ́n máa ń fún ẹni tí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ sí kí HIV má bàa ráyè. O gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá ṣe tètè yá tó ló dáa tó, o sì máa lò ó fún ọjọ́ 28. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sórí, ẹ sọ fún àwọn tó ń kó pàǹtí yín.

Wàhálà tá a ṣe kó tó gbà láti tẹ̀ lé mi lọ sílé ìwòsàn ìjọba, thread mìíràn ni. Owó ọjọ́ yẹn ló ń dùn ún, kì í ṣe ọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó lò ó tán, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn sì jáde dáadáa. Ó ṣì ń ti ọmọlanke ẹ̀.

Èmi àti Màmá Àgbà la wá kù. Mo lọ bá wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, torí mo mọ̀ pé ó máa le.

"Ṣé èmi ni mo ní kó tẹ nylon mọ́lẹ̀ ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ má bínú. Mo kàn ní ká wá ibòmíràn tí bíléèdì á máa wọ̀ ni."

Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, àwọn bàbá wa kì í da ẹ̀jẹ̀ èèyàn sórí ààtàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbé mi lọ jìnnà. Òótọ́ ni! Yorùbá kì í fi ohun tó bá ti ara èèyàn jáde ṣeré. Irun, èékánná, ẹ̀jẹ̀, o kì í fi wọ́n sílẹ̀ káàkiri. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ayé ló fà á, kì í ṣe ẹ̀rù kòkòrò. Síbẹ̀, ibì kan náà ló já sí: ẹ̀jẹ̀ kò sí níta. Ibi ọmọ ńkọ́? Inú ìkòkò ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á sì rì í mọ́lẹ̀. Ìwọ́ náà, wọ́n á sin ín. Títí di òní, tá a bá fẹ́ sọ ìlú wa, a máa ń sọ pé ibi tí wọ́n sin ìwọ́ wa sí ni. Sàráà ìmọ́tótó tí wọ́n fi àṣà wé, ẹ ò rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n fi ọgbọ́n yẹn ṣe kọ́ ni Ìkòtún. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alimosho nìkan, ẹ ronú iye tá a máa jẹ́ báyìí. Ilé face-me-I-face-you, sìmẹ́ǹtì láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, kànga níbí, ṣaláńgá lọ́hùn-ún. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ni pé kòtò tí wọ́n ń sin ibi ọmọ sí gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 50 sí ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Púlọ́ọ̀tì kan l'Ékòó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120. Ìyẹn ò ju bíi mítà 18 lọ́nà 36 lọ. Tó o bá gbẹ́ kànga sí igun kan, tó o gbẹ́ kòtò sí igun tó jìnnà sí i jù lọ, kò ní pé mítà 50. Ilé alámùúlégbé ẹ ni 50 yẹn wà! Àwọn kan máa ń gbé ibi náà fún bàbá ọmọ nínú nylon pé kó lọ sin ín. Bàbá ọmọ tó ń gbé yàrá kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Níbo ló fẹ́ sin ín sí? Ẹ má jẹ́ n sọ ohun tí mo ti rí nínú gọ́tà.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní India, níbi tí Ayurveda ti wá, wọ́n ní ìtọ́jú tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn. Nígbà mìíràn, eṣúṣú ni wọ́n máa ń lò, kòkòrò inú omi tó ń fa ẹ̀jẹ̀ yẹn. Nígbà tí ìjọba wọn ṣe òfin tuntun lórí pàǹtí ìlera ní 2016, wọ́n dárúkọ àwọn ilé ìtọ́jú ìbílẹ̀ wọn sínú ẹ̀ ní tààràtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù òyìnbó. Ohun tó bá ti ara èèyàn jáde, àpò yẹ́lò. Ohun tó mú, ike funfun tí kò ṣeé gún. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọn ò bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ bá ti délẹ̀, ìjà "ó ń ṣiṣẹ́, kò ṣiṣẹ́" la máa jà títí ilẹ̀ á fi ṣú, nylon dúdú á sì wà níta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe híjámà, ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí. Bíléèdì àti kọ́ọ̀bù tó kún fún ẹ̀jẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, lọ́jọ́ Sunday kan ṣoṣo. Olóólà náà ńkọ́? Gbogbo wa ni.

Ohun tá a ṣe lọ́dọ̀ Màmá Àgbà rọrùn. Kéègì òróró lítà márùn-ún, èyí tó nípọn. A fọ̀ ọ́, a jẹ́ kó gbẹ, mo fi máákà fa ìlà sí ibi tó bá ti gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, torí ibẹ̀ ló yẹ kó dúró, kò gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu. Mo kọ "BÍLÉÈDÌ, Ẹ MÁ ṢÍ I" sí i lára. Tí wọ́n bá ti sín gbẹ́rẹ́ tán, bíléèdì á wọlé láti ẹnu kéègì ní ojú ẹsẹ̀, wọn ò ní gbé e kalẹ̀ rárá. Wọn ò ní sun ún, bíléèdì kì í jóná, èéfín ike lásán lẹ máa fà símú. Òwú ẹ̀jẹ̀ ní nylon tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ewé àgbo padà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Wọ́n gbà fún kéègì. Ti ibi ọmọ, wọn ò gbà. Wọ́n ní àwọn ò lè gbé ibi ọmọ ẹni ẹlẹ́ni fún ọkọ̀ ìjọba kankan. Mi ò bá wọn jà. A ṣì ń bá ọ̀rọ̀ yẹn bọ̀.

Níbo wá ni kéègì ń lọ? Ọkọ̀ tó ń kó pàǹtí ọsibítù kì í wọ òpópónà wa. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn aládàáni nítòsí ló ní ká máa gbé e wá, káwọn kó o pọ̀ mọ́ tiwọn. Àánú lásán ni o, tó bá kúrò níbẹ̀ lọ́la, ó parí. Kéègì àkọ́kọ́ ti lọ. Èkejì wà lábẹ́ àga Màmá Àgbà, ó ti kọjá ìdajì. Tó o bá mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń gbà á ní Ìkòtún, Ìgàndò tàbí Ẹgbẹ́dá, fi ránṣẹ́ sí mi, mò ń kọ wọ́n jọ.