Kompressor ní Ayétẹ̀
Benz tí wọ́n kọ Kompressor sí lẹ́yìn ni mo rí lẹ́bàá ọ̀nà ní Ayétẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ń rú èéfín funfun. Ìtumọ̀ Kompressor yẹn ni pé ẹ̀rọ kan ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ra bọ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a bá kì mọ́ra, gbígbóná ló ń gbóná. Kí n tó sọ fún awakọ̀ rẹ̀ pé “Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra,” wọ́n ti da omi tútù lé irin gbígbóná. Mẹkáníìkì fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ: ó ti funfun bí ẹ̀kọ tí wọ́n bu mílíìkì sí. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Bí irin orí ẹ́ńjìnnì bá sì ti wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ò ní pẹ́ jó. Tẹmọ́sítáàtì tó ń darí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Ta ló ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù?