Ìwé àkọsílẹ̀ alẹ́ ní Vridi

Iná ilé ìfọpo kì í jẹ́ kí òru Vridi, ní Abidjan, dúdú dáadáa. Síbẹ̀, lálẹ́ oṣù kẹsàn-án, bí ìkùukùu bá ṣí, àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Cygnus máa ń wà lókè lápá àríwá. HDE 226868 wà láàárín wọn. Ojú lásán kò ká a. Àfi awò awọ̀nàjíjìn.

*

Ìràwọ̀ náà ń jó yípo bí ẹni tí ẹnìkan dì lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n a kò rí ẹnìkejì. Ọjọ́ 5.6 ló fi ń yí i po lẹ́ẹ̀kan. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Louise Webster àti Paul Murdin ní England, àti Tom Bolton ní Canada, ló kéde ọ̀rọ̀ yìí ní 1972. Ẹnìkejì náà ni Cygnus X-1, ihò dúdú (black hole) tó wúwo tó oòrùn wa lọ́nà 21.

*

Ihò dúdú kì í tàn. Gáàsì tó ń fà lára ìràwọ̀ náà ló ń tàn: ó ń pòyì, ó ń fi ara gbo ara, ó ń gbóná dé mílíọ̀nù ìwọ̀n, ó sì ń tú X-ray jáde kó tó já sínú. Èyí tó bá ti wọlé, ó parí.

*

Afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí X-ray yẹn kàn wá (a dúpẹ́). Rọ́kẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ rí i ní 1964, láti New Mexico, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré.

*

Èyí tó wù mí jù: lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá 1970, láti orí pèpéle San Marco ti àwọn ará Ítálì, lórí òkun lẹ́bàá Malindi ní Kenya, wọ́n ta sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé X-ray ojú ọ̀run nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà ni òmìnira Kenya pé ọdún 7, wọ́n bá sọ ọ́ ní Uhuru, “òmìnira” ní èdè Swahili. Uhuru rí i pé X-ray Cygnus X-1 ń lọ sókè sódò láàárín àkókò tí kò pé ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìmọ́lẹ̀ kì í rìn ju 300,000 kìlómítà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, oòrùn sì fẹ̀ ju ìyẹn lọ nígbà mẹ́rin. Ibi tí X-ray náà ti ń wá kéré sí oòrùn nìyẹn, ohun tó wà níbẹ̀ sì wúwo jù ú lọ fíìfíì.

*

Ní 1974, onímọ̀ físíìsì Stephen Hawking bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Kip Thorne ta tẹ́tẹ́ pé Cygnus X-1 kì í ṣe ihò dúdú. Ọgbọ́n ni: bí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ihò dúdú bá já sí asán, ó kéré tán, á jẹ tẹ́tẹ́. Ní 1990 ó gbà pé òun pàdánù.

*

Ìyá kan tó ti Èjìgbò wá, tó ń ta aṣọ níbí, bi mí bóyá ihò dúdú yìí kò ní gbé ayé mì. Mo ní, “Rárá, Màmá. Bí ihò dúdú tó wúwo tó oòrùn bá gba ipò oòrùn lónìí, ayé á ṣì máa yí i po bó ṣe ń ṣe. Òtútù ló máa pa wá.”

Ó ní, “Nígbà náà, aṣọ á tà.”