Dídán kọ́ ni táyà: láti Ládípọ̀ dé Ògèrè

Ẹni tó bá ń wá ariwo, kó má wulẹ̀ lọ síbòmíràn, kó lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Láti etí òpópónà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá lèèyàn yóò ti máa gbọ́ ọ, bí ìgbà tí ọgọ́rùn-ún alágbẹ̀dẹ bá ń rọ irin lójú kan. Alábàárù ti ru ẹ́ńjìnnì sórí bí ẹni ru ìkòkò omi, ó ń pariwo "Ẹ yà o, ẹ yà!", àwọn ọmọ Ìgbò tó ni ṣọ́ọ̀bù sì ń fa oníbàárà lọ́wọ́ já. Kò sí ẹ̀yà ara mọ́tò tí ẹ béèrè tí kò sí níbẹ̀. Dígí wà, gíábọ́ọ̀sì wà, iná iwájú àti iná ẹ̀yìn wà rẹpẹtẹ. Àmọ́ ti táyà lọ̀rọ̀ wà fún lónìí, torí mọ́tò kò ní ẹsẹ̀ mìíràn.

Wọ́n to táyà jọ gègèrè, òmíràn ga ju èèyàn lọ. Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, wọ́n ti fi nǹkan dúdú kùn wọ́n, wọ́n ń dán bíi bàtà sójà lọ́jọ́ òmìnira. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù, ìyẹn táyà táwọn òyìnbó ti lò lókè òkun kí wọ́n tó bọ́ ọ sọnù. Ká sọ òótọ́ síbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kò fẹ́ kó wọlé. Nínú àkọsílẹ̀ ọjà èèwọ̀ táwọn aṣọ́bodè ń lò, táyà àlòkù wà níbẹ̀ gbangba. Táyà ọkọ̀ ńlá nìkan, láti 11.00 x 20 sókè, ni wọ́n yọ̀ǹda, ìyẹn náà sì jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ lọ lẹ rọ́bà tuntun sí i lójú. Ẹni tó bá wo ọjà Ládípọ̀ yóò rò pé kò sẹ́ni tó ka ìwé yẹn sí wọn létí rí.

Ẹ má sì tíì bú wọn. Nígbà kan rí, táyà ń jáde nílẹ̀ yìí. Dunlop ń ṣe é n'Íkẹjà, Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt. Ní 2007 Michelin tilẹ̀kùn, ní 2008 Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró, ó wá di pé inú ọkọ̀ ojú omi ni táyà tuntun ń gbà dé, owó dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Nígbà tí náírà wá ṣubú lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là kan tó ń jẹ́ nǹkan bíi 470 náírà lọ́jà ìjọba fò kọjá 1,500 kó tó pé ọdún kan, ta ló lè máa fi ẹ̀rín ra táyà tuntun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà? Dírẹ́bà ò ju èèyàn lọ. Ó ní owó tí yóò jẹ́ fún ọlọ́kọ̀ nírọ̀lẹ́, ó ní owó epo, ó ní tàwọn ọmọ gáréèjì, kọ̀ndọ́ ń wo ọwọ́ ẹ̀, ìyàwó ń wo ọwọ́ ẹ̀. Nínú gbogbo wọn, táyà nìkan ni kì í bínú síni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. N ló ṣe jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń sọ pé kó ṣì ní sùúrù.

Ẹ wá wo bí ọjà ọ̀hún ti ń lọ. Dírẹ́bà yóò dúró, yóò fẹsẹ̀ gbá táyà kan. Ọmọ ọlọ́jà ti sáré dé.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ o. Jámánì lèyí, orijínà. Ẹ wo eyín ẹ̀."

"Mo rí eyín. Ọdún wo ni?"

"Háà, Bàbá, ọdún kẹ̀? Táyà òyìnbó kì í gbó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, ó le koko."

"Líle tó le yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Dírẹ́bà tó bá fèsì báyìí mọ ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n irú wọn ò pọ̀. Rọ́bà dà bí awọ ara. Bó bá ti pẹ́ nínú oòrùn àti afẹ́fẹ́, ọ̀rá ara ẹ̀ á gbẹ, á le, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán wẹ́wẹ́. Táyà lè má tíì rìn jìnnà, kí eyín ẹ̀ ga dáadáa, síbẹ̀ kó ti gbó tán nínú. Irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí àgbàlá fún ọdún mẹ́wàá lókè òkun ló burú jù, torí òun ló máa ń dán jù ní Ládípọ̀.

Ọjọ́ orí táyà sì wà lára ẹ̀, kò sí ẹni tó lè purọ́ ẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ibi tó ń wò. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta yìí sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: DOT. Ẹ tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ lẹ́yìn ẹ̀ títí dé ìparí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ ń wá. Bẹ́ẹ bá rí 3519, 35 ni ọ̀sẹ̀, 19 ni ọdún. Ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà yẹn nìyẹn. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, ẹ sá, torí kí ọdún 2000 tó dé ni wọ́n ti ṣe irú ẹ̀. Àjọ SON tó ń mójú tó ojúlówó ọjà ti sọ ọ́ lásọtúnsọ pé ọdún mẹ́rin ni kí wọ́n lo táyà mọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà làwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń wí. Ní ìlú òyìnbó, àwọn tó ń ṣe táyà lè ní kí wọ́n lò ó tó ọdún mẹ́fà, àwọn mìíràn tó mẹ́wàá, ṣùgbọ́n oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe oòrùn Èkó, ẹrù ibẹ̀ náà kì í ṣe ẹrù Mile 12.

Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí kan wà níbẹ̀ o. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà mẹ́rin yìí sábà máa ń wà, àwọn kan á wá yí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún sínú nígbà tí wọ́n bá ń fi táyà sí ríìmù. Àwọn mìíràn a tiẹ̀ fi abẹ ha á kúrò. Táyà tí wọ́n ha ọjọ́ orí ẹ̀ dànù ti jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀, kò yẹ kí wọ́n tún bi í léèrè.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni ẹrù tí táyà lè gbé. Ẹ jẹ́ ká mú bọ́ọ̀sì Hiace tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Irú táyà tó tọ́ sí i ni 195R15C tàbí ẹgbẹ́ ẹ̀. C yẹn ló ń sọ pé táyà akẹ́rù ni, nọ́ńbà tí wọ́n sì máa ń kọ tẹ̀lé e ni 106/104, ìyẹn ni pé táyà kan ṣoṣo lè gbé 950 kílò. Àmọ́ táyà mìíràn wà ní Ládípọ̀ tó fẹ̀ bákan náà, tó ń wọ ríìmù tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó sì dínwó: 195/65R15, táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí èkejì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tò wọ́n ti ara wọn kò ní í fura. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni 91. 615 kílò péré ni ẹyọ kan lè gbé.

Ẹ wá ṣe ìṣirò ọjà. Táyà ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́rin jẹ́ 2,460 kílò. Bọ́ọ̀sì náà fúnra ẹ̀, kó tó kó ẹnì kankan, ó tó 1,800 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀. Èèyàn 18, ká fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 65 kílò, ẹ̀yin ìyá ẹ má bínú, a mọ̀ pé àwọn kan jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn jẹ́ 1,170. Ó ti di 2,970. Ẹ ò tíì ka àpò gàrí kan, ẹ ò tíì ka agbọ̀n tòmátì tó wà lórí ọkọ̀, ẹrù ti fi 510 kílò ju agbára táyà lọ. Táyà ọ̀hún ò ní í bẹ́ ní gáréèjì. Yóò gbé wọn kúrò, yóò gbé wọn gba Berger kọjá, nígbà tó bá sì gbóná dáadáa tí dírẹ́bà ti ń sáré ni yóò sọ pé òun ò lè ṣe é mọ́.

Ẹni tó lówó láti ra tuntun náà ò gbọdọ̀ dijú. Kí kọ̀nténà lè gba púpọ̀, àwọn oníṣòwò kan a máa fi tipátipá ki táyà bọ inú táyà, mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún nínú ẹyọ kan. SON ti gbẹ́sẹ̀ lé irú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Wáyà irin tó wà ní ètè táyà á ti tẹ̀, okùn inú ẹ̀ á ti já, ojú òde á sì tutù bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ fọwọ́ pa ètè ẹ̀ yíká. Bó bá rí gbágungbàgun, tàbí tí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalasa tí ètè ẹ̀ ò dọ́gba, ẹ dá a padà fún wọn. Ti àwọn tó ń fi irin gbígbóná gbẹ́ eyín tuntun sójú táyà tó ti pá, ìyẹn ò gba àlàyé. Àwọn táyà ọkọ̀ ńlá kan wà tí wọ́n kọ REGROOVABLE sí lára pé ó ṣe é gbẹ́. Èyí tí wọn ò bá kọ ọ́ sí, okùn inú ẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ kàn.

Láti Ládípọ̀, ọ̀nà gba Òṣòdì àti Ojọ́ta, ó dé Berger, ó sì bọ́ sórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 127 àti díẹ̀, tí ìjọba Ọbásanjọ́ ṣí ní 1978. Wọ́n á kọjá Kárà tòun ti màlúù ẹ̀, wọ́n á kọjá Ibafo àti Mowe. Kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, kòtò ló ń ba táyà jẹ́ lọ́nà yìí. Níbi tó ti wá ń dán báyìí, eré ló ń bà á jẹ́. Táyà ò sì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, òun, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ ọkùnrin. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní eré àsápajúdé àti táyà ẹ̀yìn tó bẹ́ ló fà á.

Lẹ́yìn oríta Ṣágámù ni Ògèrè Rẹ́mọ wà. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí, kó fojú inú wo tírélà àti táńkà tí wọ́n to ara wọn bí ilé, àwọn Haúsá tó ń se tíì, ìyá tó ń ta àmàlà, àti fọkanáísà tí pọ́ǹpù wọn kì í sinmi. Ibẹ̀ làwọn tó gbé ẹrù láti Àpápá lọ sókè ọya ti ń mí, ibẹ̀ làwọn tó ń kó àlùbọ́sà bọ̀ náà ti ń mí. Ìjọba ti lé wọn títí kúrò létí ọ̀nà, wọ́n ń padà.

Ní ìdájí, mọtobọ́ì á mú irin, á máa lu táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbì, gbì, gbì. Tírélà tó gùn dáadáa ní táyà 22, mẹ́wàá lábẹ́ orí, méjìlá lábẹ́ ẹ̀yìn. Etí ló fi ń mọ èyí tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ ti lọ. Etí dára, ṣùgbọ́n géèjì dára jù, torí irin kì í sọ iye. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ẹrù, rọ́bà kàn dì í mú ni. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dín, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á máa nà, á gbóná, ooru yẹn á sì jẹ ẹ́ run láti inú wá. Òwúrọ̀ tó bá ṣì tutù ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ń tú afẹ́fẹ́ kúrò lọ́sàn-án nígbà tí táyà bá gbóná, pé ó ti le jù, ara wọn ni wọ́n ń ṣe. Ó máa ń le bó bá gbóná, bó bá tutù tán ni yóò wá ṣẹ́kù díẹ̀.

Àṣìṣe kan tún wọ́pọ̀ ní Ògèrè. Táyà ẹ̀yìn tírélà, méjì méjì ni wọ́n so pọ̀. Bí ọ̀kan bá bẹ́, wọ́n á lọ ra tuntun kan ti ògbólógbòó tó kù. Èyí tuntun ga ju ìkejì lọ, òun nìkan ni yóò máa gbé ẹrù ẹni méjì, kò ní í pẹ́ tí òun náà á fi lọ. Iye tí wọ́n rò pé àwọn fi pa mọ́, fọkanáísà ló ń kó o.

Àwọn ìyá tó ń gba bọ́ọ̀sì lódindi láti Ilé-Epo lọ ra ọjà ní Bódìjà lágbára ju bí wọ́n ti rò lọ. Àwọn ló lówó ọkọ̀ lọ́wọ́, kò sí dírẹ́bà tí yóò fẹ́ kí èèyàn mẹ́rìndínlógún sọ̀kalẹ̀. Kí ẹnì kan tan iná fóònù, kó bẹ̀rẹ̀, kó wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó di ẹrù.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ ra táyà ni?"

"Rárá o, ọkọ mi, mo fẹ́ gùn ún ni. Ibo ni C ẹ̀ wà?"

Kí wọ́n sì ní kó sọ sípíà kalẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Táyà tó ti so mọ́ abẹ́ bọ́ọ̀sì láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, DOT wà lára òun náà, òun ló sì máa ń dàgbà jù.