Ìlà Orí Ilẹ̀ Kì í Tètè Parẹ́

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, àwọn tó tẹ Douala ní Kamẹrúùnù dó náà sì mọ èyí. Ndogbong, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìlú náà ti ń rọ́ wọlé rọ́ jáde, orúkọ Bassa ló ń jẹ́. Bí orúkọ àdúgbò kan níbẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ndog, bíi Ndogpassi tàbí Ndogsimbi, ìdílé Bassa kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bonanjo tó wà létí odò Wouri jẹ́ orúkọ Duala ní tirẹ̀: àrọ́mọdọ́mọ ẹnì kan ni Bona túmọ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí agboolé tiwa náà ṣe ń jẹ́ orúkọ baba ńlá tó kọ́kọ́ dáná síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé Bonanjo lónìí, ọ́fíìsì ìjọba àti báǹkì ni yóò bá. Orúkọ dúró, ọmọ onílẹ̀ ti ṣí kúrò. Ogun kò lé wọn, ìyàn kò lé wọn. Ìlà kan tí ìjọba fà sórí máàpù nítorí àwọ̀ ara ló lé wọn. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ni nínú àròkọ yìí ni pé ẹ̀tanú tó wà nínú ọkàn a máa bá ọlọ́kàn wọ sàréè, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá ti fi kọ ìlú, ogún ló ń dà, àwọn tí kò kórìíra ẹnikẹ́ni pàápàá yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ dúdú àti funfun ní Amẹ́ríkà fi rí bó ṣe rí, ìtàn Douala lè là á lójú.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1884, Ọba Ndumbe Lobe Bell àti Ọba Dika Mpondo Akwa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, sì ta àsíá Jámánì sórí ilẹ̀ wọn. Agbára ìṣàkóso ni àwọn ọba náà fi sílẹ̀. Wọ́n rí i dájú pé ìwé náà sọ ọ́ pé ilẹ̀ tí àwọn ń ro àti ibi tí ìlú wọn wà yóò jẹ́ tàwọn àti tàwọn ọmọ wọn. Ọdún 1910 ni ìjọba Jámánì gbé ètò tuntun kalẹ̀: kí gbogbo àwọn Duala kúrò létí odò, kí àwọn aláwọ̀ funfun máa gbé ibẹ̀, kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó kìlómítà kan wà láàárín, kí àwọn aláwọ̀ dúdú wá máa gbé lẹ́yìn rẹ̀. Rudolf Duala Manga Bell, ọmọ-ọmọ Ndumbe Lobe, tó kàwé ní Jámánì, tó sì jọba ní 1908, kò gbé ìbọn. Ìwé àdéhùn bàbá bàbá rẹ̀ ló gbé dání, ó ń kọ̀wé sí ilé aṣòfin ní Berlin. Wọ́n yọ ọ́ lóyè ní 1913. Ó rán akọ̀wé rẹ̀, Adolf Ngoso Din, lọ sí Jámánì ní ìkọ̀kọ̀ kó lọ wá agbẹjọ́rò. Wọ́n mú àwọn méjèèjì, wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn wọ́n, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wọn ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1914, wọ́n sì yẹgi fún wọn ní ọjọ́ kejì. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Ogun Àgbáyé Kìíní gba Douala lọ́wọ́ Jámánì. Àwọn ará Akwa àti Deido, tí àwọn náà jẹ́ Duala, kò tíì ṣí nígbà náà. Àwọn ará Bell nìkan ni wọ́n ti lé, kúrò ní Bonanjo.

Ọdún 1910 yẹn gan-an ni Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ṣe òfin pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ kó lọ sí òpópónà tí aláwọ̀ funfun ti pọ̀ jù, kí aláwọ̀ funfun náà má sì kó lọ sí ti aláwọ̀ dúdú. Ìlú náà ni àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó kọ irú rẹ̀ sínú òfin. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Baltimore kọ́ ọ lọ́wọ́ Douala, tàbí Douala lọ́wọ́ Baltimore. Irú rúkèrúdò kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà fi òpin sí oko ẹrú ní 1865, àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ àti ọmọ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú ńláńlá lọ wá iṣẹ́. Ní Douala, òwò òkun àti rélùwéè ló ń kó ènìyàn jọ sétí odò. Rúkèrúdò ló ń ṣí ènìyàn nípò. Ẹ̀tanú ló ń pàṣẹ ibi tí wọn yóò dúró sí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé irú òfin Baltimore ní 1917, ṣùgbọ́n àwọn onílé gbé e wọ inú ìwé àdéhùn ilé títà, ọdún 1948 ni ilé ẹjọ́ sì tó sọ pé òun kò ní bá wọn mú un ṣẹ mọ́. Láàárín méjì yìí, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933 ya máàpù àwọn ìlú, wọ́n fi ọ̀dà pupa kun àdúgbò tí wọ́n kà sí eléwu fún owó yíyá, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù nínú pupa ọ̀hún. Nígbà tí òfin wá ka gbogbo èyí léèwọ̀ ní 1968, ẹni tí bàbá rẹ̀ rí owó yá kọ́lé ti jogún ilé. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò rí yá, ìwé owó ilé tí wọ́n ń san lóṣooṣù ló jogún.

Àtakò àkọ́kọ́ tó máa ń dìde ni pé ìlera ni wọ́n ń wá. Àwọn dókítà ìgbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń kó ibà ràn ni, Dókítà Hans Ziemann ní Douala sì dámọ̀ràn pé kí wọ́n ya ibùgbé aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀, nítorí pé kòkòrò ibà wà lára àwọn ọmọ Duala. Ní Baltimore náà, wọ́n dárúkọ àìsàn tó ń ràn. Mi ò sọ pé irọ́ ni ẹ̀rù tó ń bà wọ́n. Ibà ń pa àwọn òyìnbó nípakúpa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Èkó. William MacGregor, tó ṣe gómìnà níbẹ̀ láti 1899 títí di 1904, dókítà ni òun náà. Ó mọ ohun tí Ziemann mọ̀, ìmọ̀ràn ìyàsọ́tọ̀ kan náà dé etí rẹ̀, ó sì kọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n pín kuníìnì fún dúdú àti funfun, kí wọ́n sì gbẹ́ odò láti fa omi àbàtà kúrò. Bí ìmọ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, tí ìpinnu sì jẹ́ méjì, a jẹ́ pé ìmọ̀ nìkan kọ́ ló ṣe ìpinnu. Ẹni tó ka ọmọ Duala sí aláìsàn, ì bá fún un ní oògùn. Ẹni tó kà á sí àìsàn fúnra rẹ̀ ló sọ pé kó kó ẹrù. Ilẹ̀ tí wọ́n sì fẹ́ lé wọn kúrò lórí rẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, òun ni owó rẹ̀ ń gòkè lójoojúmọ́.

Síbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí odò tí MacGregor gbẹ́ tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Omi náà wá di ààlà láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí, nígbà tí àwọn gómìnà tó tẹ̀ lé e sì sọ Ìkòyí di ibùgbé àwọn òyìnbó, ohun tí aláàánú gbẹ́ nítorí ẹ̀fọn di odi fún àwọn tí kò láàánú. Ilẹ̀ kì í bi ìlà léèrè pé kí ló mú wọn fà á. Ní oṣù Kejì ọdún 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni. Ìlú gbóná, Gómìnà Arthur Richards sì kéde pé ìyàsọ́tọ̀ ti dópin. Wọ́n yọ orúkọ òyìnbó kúrò lára àdúgbò tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún wọn. Bí a ṣe rí orúkọ tí gbogbo ìlú ńlá ní Nàìjíríà mọ̀ lónìí nìyẹn, GRA. Ọ̀nà tó gbòòrò, igi tó ṣíji bo ilé, omi ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ dúró bó ṣe wà. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ nìkan ló pààrọ̀ àwọ̀.

Níbí ni àtakò kejì ti ń wọlé: bó bá jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ló ń gbé Ìkòyí àti Bonanjo báyìí, ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó lásán ni èyí ti dà? Bí aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà bá lówó, ṣé kò lè ra ilé níbi tó wù ú? Mo gbà pé ọ̀rọ̀ owó ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀tanú ṣe ń parí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nígbà tó bá ti di iye owó ilẹ̀, di ìjìnnà ilé sí ilé ìwé tó dára, di omi tó ń ṣàn ní òpópónà kan tí kò ṣàn ní ìkejì, kò tún nílò ẹni tí yóò kórìíra ẹnikẹ́ni mọ́. Akọ̀wé báǹkì tó bá wo àdúgbò kí ó tó yá ènìyàn lówó lè jẹ́ ọmọlúàbí tí kò ní ẹ̀tanú kankan nínú. Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ló ń ṣe ohun tí àwọn tó ya máàpù fẹ́ ṣe. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, bí ẹni tó dá ọgbẹ́ náà tilẹ̀ ti kú.

Àtakò kẹta ló wúwo jù fún àwa Yorùbá, nítorí pé ara tiwa ló ti jáde. Wọ́n ní àwa náà ń ya àlejò sọ́tọ̀. Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá ní Ìbàdàn, wà láti 1916. Wọ́n sì ti ṣe é sí àwa náà: ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò, ọ̀kẹ́ àìmọye Yorùbá tó ti ń tajà níbẹ̀ láti ìgbà bàbá wọn sì di ẹrù wọn lálẹ́. Dúdú ló lé dúdú. Òtítọ́ ni, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ bò ó. Ẹ̀tanú kò nílò àwọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn kan máa ń wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún àlejò nínú àṣà wa: ó lè kọ́ èdè, ó lè fẹ́ ọmọ onílé, ọmọ rẹ̀ sì lè di ẹni tí wọ́n ń fi oríkì ìlú kì. Àwọ̀ ni ìlà tó ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Manga Bell gbọ́ èdè Jámánì, ó kàwé níbẹ̀, ó mọ òfin wọn débi tó fi ń fi òfin náà bá wọn jà, síbẹ̀ kò sí èyí tó lè mú un kọjá ilẹ̀ òfìfo kìlómítà kan. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n sọ di àlejò lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Àwọn Faransé tó gba Douala lẹ́yìn ogun kò dá ilẹ̀ Bell padà, wọn kò sì pa ìlà náà rẹ́. New Bell, tí wọ́n là kalẹ̀ láti kó àwọn Duala sí, wá di ibùgbé àwọn tó ti ibòmíràn wá, Bamileke, Bassa, Haúsá àti àwọn ará Nàìjíríà mìíràn. Bí ìlú ṣe pín sí ti onílẹ̀ àti ti àlejò nìyẹn, àwọn tó pín in sì lọ. Nígbà tí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 1996 gbé àwọn Bamileke sórí àga méyọ̀ ní Douala, àwọn ọmọ Sawa, ìyẹn àwọn Duala àti àwọn ará etíkun yòókù, tú jáde pé àwọn àlejò ti gba ìlú mọ́ àwọn lọ́wọ́. Wọn kò jẹ̀bi pé wọ́n rántí. Ẹni tí wọ́n gba Bonanjo lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1914 mọ ohun tó sọnù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Bamileke ló gbà á. Bákan náà ni òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun tó tálákà ní Amẹ́ríkà ṣe ń wo aládùúgbò rẹ̀ aláwọ̀ dúdú bí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun: ìbínú a máa kọlu ẹni tó wà nítòsí, nítorí pé ẹni tó fa ìlà ti jìnnà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n yọ orúkọ Nachtigal kúrò lára ojúde kan ní Berlin, wọ́n fi orúkọ Manga Bell rọ́pò rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìlú tó kọ etí dídi sí lẹ́tà rẹ̀ ti wá ń pe orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bonanjo ti ń jẹ́ orúkọ onílẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, orúkọ náà kò sì dá ilé kan ṣoṣo padà. Ẹni tó bá fẹ́ wo ọgbẹ́ yìí sàn, ní Douala, ní Èkó tàbí ní Baltimore, kó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìlà náà wà gan-an: ta ni omi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ta ni báǹkì ń yá lówó, ta ni ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó fa ìlà náà kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu fà á. Wọ́n fi òpó, ọ̀nà, òfin àti owó fà á. Ohun kan náà ni yóò pa á rẹ́.